Ìrù ẹṣin kì í ṣe okùn: ẹ jẹ́ ká kọ́ bí wọ́n ṣe ń dì í

 

Bí ẹ ṣe ka àkọlé yìí, a mọ̀ pé ẹlòmíì ti rẹ́rìn-ín. Ẹ óò ní, “Àwọn extension tún ti gbé tiwọn dé. Ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ tó gbówó lórí ò tíì tán, ọ̀rọ̀ kòkòrò tó ń jẹ àgbàdo ò tíì tán, ìrù ẹṣin ló kù tí wọ́n fẹ́ bá wa sọ.” Ẹ má bínú, ẹ fara balẹ̀ kà á dópin. Ẹran ọ̀sìn ni ẹṣin náà. Ó ń jẹ èérí ọkà, ó ń jẹ ewé ẹ̀pà gbígbẹ, ó ń jẹ koríko tí ẹ̀yin àgbẹ̀ ń gé tà. Owó tí wọ́n sì fi ń ra ẹyọ kan, ẹ̀yin oníṣòwò ẹran mọ̀ pé kì í ṣe owó àfiṣeré. Ohun tó bá lè ba irú ọrọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó yẹ ká sọ ọ́ síta.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Lọ́dún kan, bí ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn Iléyá, bàbá kan pè wá lórí fóònù. Ó ní ẹṣin òun ò jẹun dáadáa mọ́, pé ó kàn ń fi ìdí ha ògiri ṣáá. Àwa méjì la gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀. Ká tó dé ẹnu ilé ẹṣin náà ni òórùn ti pàdé wa. A wo ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sí nǹkan. A wo ẹnu rẹ̀, kò sí nǹkan. Ìgbà tí a dé ìdí ìrù la rí i.

Wọ́n ti di ìrù náà fún ọjọ́ ọdún. Wọ́n ká a sókè bíi ṣùkú, wọ́n wá gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́, wọ́n fi wé e yí ká kó má bàa tú. Ó dára lójú lọ́jọ́ náà, wọ́n fi fọ́tò rẹ̀ hàn wá. Àmọ́ ọdún parí, àlejò pọ̀, òjò ń rọ̀, ẹran Iléyá ń bẹ nílẹ̀, kò sẹ́ni tó rántí ìrù ẹṣin mọ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni rọ́bà yẹn fi wà lórí egungun ìrù. Nígbà tí a rọra gé e kúrò, awọ bá a jáde.

A pe dókítà ẹran. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ò dé ìsàlẹ̀ ibẹ̀ mọ́, ibẹ̀ ti kú, àfi kí òun gé e. Ó gún ẹṣin náà lábẹ́rẹ́, ó gé e. Ẹṣin yẹn ò kú, a dúpẹ́. Àmọ́ ìrù tó kù fún un ò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ẹ wá lọ wò ó nígbà tí eṣinṣin bá bo itan rẹ̀: á ju kùkùté ìrù yẹn sọ́tùn-ún, á jù ú sósì, kò ní kan nǹkan kan. Àwọn àgbà ní màlúù tí kò ní ìrù, Ọlọ́run ní í bá a lé eṣinṣin. Ẹṣin yìí ní ìrù o. Àwa ènìyàn la gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá yẹn kì í ṣe ìkà. Bó ṣe ń fọwọ́ pa ọrùn ẹṣin náà nígbà tí dókítà ń ṣiṣẹ́, a ò lè wo ojú rẹ̀. Ọmọ àbúrò rẹ̀ tó di ìrù náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Orí fóònù ló ti rí i, ó fẹ́ kí ẹṣin ilé àwọn yọ láàárín ẹgbẹ́. Èyí tó wá dùn wá jù ni pé àwa náà jẹ̀bi. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọdún la dé agbo ilé yẹn. A sọ̀rọ̀ oògùn aràn, a sọ̀rọ̀ pátákò, a sọ̀rọ̀ oúnjẹ. A rí ọmọkùnrin náà níbi tó ti ń fi okùn mẹ́ta kọ́ bí wọ́n ṣe ń dì í, a rẹ́rìn-ín, a ní ó kú iṣẹ́, a bá tiwa lọ. Gbólóhùn kan péré, “Tú u kí ilẹ̀ tó ṣú,” ì bá ti gba ìrù yẹn là. A ò sọ ọ́.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ ọ́ lónìí.

ÈRÒ WA

Àwọn kan láàárín àwa òṣìṣẹ́ ní ká kàn máa sọ fún àwọn ẹlẹ́ṣin pé kí wọ́n má di ìrù mọ́ rárá. A ò fara mọ́ ọn. Ohun tí ojú ọ̀dọ́ ti rí lórí fóònù, tó sì wù ú, ẹ ò lè fi “má ṣe é” lé e lọ. Á ṣe é ní kọ̀rọ̀, á sì ṣe é láìdáa. Èrò tiwa ni pé iṣẹ́ ọwọ́ ni ìrù dídì. Kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe é kọ́ ọ dáadáa, kí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n fi ìrù sílẹ̀ kó máa fẹ́ lẹ́lẹ́, kí ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta yìí ò pa ẹṣin lára. Èyí tó wà láàárín, ìyẹn ká máa ṣe ohun tí a ò kọ́, òun ló ń pa wọ́n lára.

Ẹlòmíì á ní, “Àwọn baba wa gun ẹṣin, wọn ò di ìrù.” Òótọ́ lẹ sọ. Orí, ọrùn àti gàárì ni ẹ̀ṣọ́ tiwa máa ń wà jù: awọ, aṣọ aláràbarà, idẹ tó ń dún wọnrinwọnrin. Bí ẹ bá fẹ́ dúró síbẹ̀, ẹ dúró, ó dára púpọ̀. Àmọ́ ìdí gidi wà tí àwọn kan fi ń dì í lónìí, kì í ṣe fáàrí nìkan.

Àkọ́kọ́, ẹrẹ̀. Nítorí pé oṣù ojú ọ̀run ni wọ́n fi ń ka Iléyá, ó máa ń fi bí ọjọ́ 11 yá ju ti èṣí lọ. Lọ́dún 2024 àti 2025, inú oṣù June ló bọ́ sí, ìgbà òjò nìyẹn lọ́dọ̀ tiwa. Ọjọ́ kẹta ọdún sì ni Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí àwọn ìdílé Balógun ti ń gun ẹṣin jáde. Ìrù tó gùn délẹ̀ nínú ẹrẹ̀, kí ẹṣin tó dé iwájú ọba, ó ti wúwo bí ìgbálẹ̀ tí wọ́n kì bọ poto-poto, gbogbo aṣọ ẹni tó wà lẹ́yìn ló máa ta sí.

Èkejì, pólò. Àwọn tó ń gbá pólò ní Èkó, Ìbàdàn àti Kàdúná máa ń di ìrù ẹṣin, wọ́n á ká a sókè kí ọ̀pá gígùn tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù má bàa kọ́ ọ. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́, ààbò ni.

Ẹ̀kẹta, kó má bàa di pé wọ́n ń gé e. Láyé àtijọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n máa ń gé egungun ìrù ẹṣin tó ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù kí ìrù má bàa wé mọ́ okùn. Òfin ọdún 1949 ló ka ìyẹn léèwọ̀ níbẹ̀, àyàfi tí dókítà ẹran bá sọ pé àìsàn tàbí ọgbẹ́ ló mú un pọn dandan. Ohun tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ wá nígbà náà, ọwọ́ àti òòyà lè ṣe é. Ìdì tó dáa máa ń tú, ìrù á sì padà sípò. Èyí tí wọ́n bá gé, ó lọ nìyẹn.

Ẹ MỌ IBI ẸRAN, Ẹ MỌ IBI IRUN

Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tó kù, ẹ má gbàgbé èyí. Ọ̀nà méjì ni ìrù ẹṣin pín sí. Òkè rẹ̀ jẹ́ egungun kéékèèké tó tò tẹ̀ léra, ẹran bò ó, awọ bò ó, ẹ̀jẹ̀ ń gba inú rẹ̀. Ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, ẹ óò mọ ibi tó parí sí. Láti ibẹ̀ lọ sísàlẹ̀, irun lásán ni.

Ibi irun lásán, ẹ lè so nǹkan mọ́ ọn, ẹ lè rán an lówùú, ẹ lè fi rọ́bà kékeré mú un. Ibi ẹran, a ò gbọdọ̀ fi ohunkóhun tó fún wé e yí ká. Kì í ṣe rọ́bà, kì í ṣe okùn, kì í ṣe aṣọ tó ń fà, kì í ṣe téèpù. Ẹ fi rọ́bà wé ìka ara yín fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ óò mọ ohun tí à ń wí. Ìyàtọ̀ kan péré ló wà: ẹ̀yin lè pariwo.

Ìdì tó dáa tó gba orí ẹran kọjá, àárín ló máa ń sọ̀ kalẹ̀, irun etí méjèèjì ló dì í mú. Kò yí ìrù ká. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe nìyí.

BÍ A ṢE KỌ́ Ọ

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀ yẹn, a ní kò yẹ ká máa kọ́ni ní ohun tí a ò lè ṣe. A lọ bá ọ̀rẹ́ wa kan tó ń sin ẹṣin, a ní kó jẹ́ ká fi ẹṣin rẹ̀ tó jẹ́jẹ́ jù kọ́ṣẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, a fi wákàtí kan gbáko di ìrù kan. Ó wọ́ bí ejò. Òkè ti tú kí ìsàlẹ̀ tó parí. Ìyàwó ọ̀rẹ́ wa yìí, onídìrí ni. Ó gbé oúnjẹ wá, ó wò wá títí, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀yin ọ̀gá extension, ẹ ò di irun rí láyé yín, àbí?”

A ní, “Ìyàwó wa, a ò dì í rí.”

Ó ní, “Mo rí i. Ẹ̀ ń kó irun bí ẹni ń bu gàárì. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń mú un. Ẹ sún fún mi.”

Ọkọ rẹ̀ di orí ẹṣin mú, a fi ibi tó yẹ kó dúró sí hàn án, ó fọwọ́ lé e. Kò di ìrù ẹṣin rí, àmọ́ kò tó ogún ìṣẹ́jú tó fi parí rẹ̀, gbọnrangandan ló sọ̀ kalẹ̀ láàárín. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí a ò lè gbàgbé. Ó ní, “Bí mo bá ń di irun ọmọdé, tí iwájú orí rẹ̀ bá ń yọ wúruwùru, mo mọ̀ pé ó ti fún jù. Ọmọdé á sunkún. Tiyín yìí, kí ló máa ń ṣe?” A dákẹ́. A ò tíì ro ó dé ibẹ̀ rí.

Ẹ̀yin ọ̀gá ẹlẹ́ṣin, ìdáhùn rẹ̀ rèé: ẹṣin máa ń sọ ọ́. Bí ó bá ń ki ìrù mọ́ ìdí, tí kò gbé e sókè nígbà tó fẹ́ yàgbẹ́, tó ń ju orí, tó ń tẹ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, ó ní ó ti fún jù. Ẹ tú u, ẹ tún un ṣe.

BÍ WỌ́N ṢE Ń DÌ Í

1. Ìmúrasílẹ̀. Ẹ fọ ìrù náà ní ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú. Irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ máa ń yọ̀ lọ́wọ́, kì í dúró. Ọṣẹ tí kò le ni kí ẹ lò, ẹ sì ṣan án dáadáa, torí ọṣẹ tó bá kù síbẹ̀ á máa yún un, á máa fi ìdí ha ògiri. Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì líle fà á láti òkè wálẹ̀. Ìka ọwọ́ ni kí ẹ fi tú u, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, díẹ̀díẹ̀. Irun ìrù tó gùn tó já, ọdún mélòó kan ló máa gbà kó tó padà gùn tó bẹ́ẹ̀.

2. Ibi tí ẹ óò dúró. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ di ìjánu mú níwájú. Ẹni tó ń dì í, ẹ̀gbẹ́ ìdí ni kó dúró, kó súnmọ́ ara ẹṣin, kì í ṣe ẹ̀yìn gangan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti èjìká, ẹ máa fọwọ́ pa á bọ̀ títí dé ìdí, kó lè mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀. Ẹ má lóṣòó, ẹ má kúnlẹ̀, ẹ má jókòó sẹ́yìn ẹṣin. Ẹ lé àwọn ọmọdé kúrò. Ẹṣin tó jẹ́jẹ́ jù lágbàáyé, bí eṣinṣin bá ta á, ó lè tani nípàá.

3. Ohun èlò. Òòyà, omi nínú abọ́, òwú tó jọ àwọ̀ irun náà, abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ ò mú, àti àlùmọ́gàjí kékeré. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi omi ra irun òkè díẹ̀ kó lè ṣeé mú.

4. Ìbẹ̀rẹ̀. Láti òkè pátápátá ni. Ẹ mú irun díẹ̀ ní etí ọ̀tún, ẹ mú díẹ̀ ní etí òsì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má nípọn tó ìka ọwọ́ kékeré. Ẹ gbé wọn kọjá lórí ara wọn láàárín. Ẹ mú ẹ̀kẹta ní ẹ̀gbẹ́ kan, nísàlẹ̀ díẹ̀. Ó ti di mẹ́ta nìyẹn, ẹ máa dì í bí ẹ ṣe ń di irun orí.

5. Fífi irun kún un. Nígbàkígbà tí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bá ń bọ̀ wá sí àárín, ẹ fi irun tín-ín-rín láti etí yẹn kún un. Kó má nípọn ju igi ìṣáná lọ. Ibí yìí la ti ń bu gàárì! Bí ẹ bá ń mú púpọ̀, ìdì á sanra jù, irun etí á tán kí ẹ tó dé ibi tó yẹ. Irun tí ẹ bá mú lọ́tùn-ún àti èyí tí ẹ bá mú lósì, kí wọ́n wà ní ọ̀gbọọgba, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀ ó máa wọ́ bíi tiwa ti ọjọ́ àkọ́kọ́.

6. Fífà. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ súnmọ́ ara ìrù, kó má sì tú. Kó mú, kó má fún. Ẹni tó ń ràn yín lọ́wọ́ lè fi apá rẹ̀ gbé ìrù náà sókè díẹ̀ nígbà tí ẹ̀ ń dì í, bí ẹṣin ṣe máa ń gbé e nígbà tó bá ń rìn. Bí ẹ bá dì í nígbà tó lẹ̀ mọ́ ìdí, ìgbà tó bá gbé e sókè ni yóò máa fà á lára.

7. Ibi tí ẹ óò dúró mọ. Bí ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀ dé bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ibi ẹran, ẹ má mú irun etí mọ́. Ẹ máa di mẹ́ta tó wà lọ́wọ́ yín lọ títí yóò fi parí. Ẹ fi òwú rán ẹnu rẹ̀, ẹ ká a padà sókè sábẹ́ ara rẹ̀, kí ẹ rán an mọ́ ìdì náà. Irun tó kù á máa fẹ́ lẹ́lẹ́ nísàlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹrẹ̀ lẹ̀ ń sá fún, ẹ di irun ìsàlẹ̀ náà lọ́tọ̀, kí ẹ ká a, kí ẹ rán an mọ́ irun ẹgbẹ́ rẹ̀, kì í ṣe mọ́ ibi ẹran.

8. Bàǹdéèjì. Àwọn kan máa ń fi wé e kó má bàa dọ̀tí lójú ọ̀nà. Bí ẹ bá máa lò ó, kó jẹ́ fún ìgbà díẹ̀, kó má fún, kó má sì tutù, torí èyí tó bá tutù máa ń sún kì nígbà tó bá gbẹ. Ẹ tú u ní yíyí, ẹ má fà á yọ wálẹ̀, á ba ohun tí ẹ ti dì jẹ́. Kò gbọdọ̀ sùn lára ẹṣin mọ́jú láé.

9. Títú. Ìrù tí wọ́n dì láàárọ̀ kò gbọdọ̀ rí òkùnkùn alẹ́. Ẹ rọra fi àlùmọ́gàjí gé òwú, òwú nìkan o, kì í ṣe irun. Ẹ fi ìka tú u láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ẹ fi omi ra á, ẹ fọwọ́ pa á, kí ẹ wo awọ abẹ́ rẹ̀ bóyá ó pọ́n tàbí ó wú.

Ẹnìkan á béèrè pé kí ló dé tí ẹ fi ń kánjú tú u tó bẹ́ẹ̀? Eṣinṣin ni. Ìrù ni ẹṣin fi ń lé wọn. Eṣinṣin tó ń mu ẹ̀jẹ̀ máa ń gbé àìsàn kiri, eṣinṣin tsetse sì wà lára ohun tí kò jẹ́ kí ẹṣin pọ̀ ní ilẹ̀ igbó wa látijọ́, tó fi jẹ́ pé òkè ọya ni àwọn ará Ọ̀yọ́ ìgbàanì ti ń ra èyí tí wọ́n fi ń jagun. Ìrù tó wà ní ìdì, ńṣe ló dà bí ẹni tí wọ́n so lọ́wọ́ sẹ́yìn tí ẹ̀fọn wá bò.

BÍ ÈWU BÁ TI DÉ

Bí ẹ bá rí i pé ìrù wú, pé ó tutù ju ara tó kù lọ, pé irun ń ṣí ní ṣíṣù-ṣíṣù, pé omi tàbí òórùn ń jáde, ẹ tú gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ kíákíá, ẹ fi omi iyọ̀ tó mọ́ wẹ̀ ẹ́, kí ẹ pe dókítà ẹran lọ́jọ́ náà. Ẹ má da epo ọkọ̀ sí i. Ẹ má da omi bátìrì sí i. Ẹṣin wà lára àwọn ẹran tí tẹ́tánọ́ọ̀sì máa ń tètè mú jù, ìyẹn àìsàn tó ń mú kí ara gan gbagidi, tí ẹnu ò ní lè là mọ́. Ọgbẹ́ tó fara pamọ́ sábẹ́ rọ́bà tó dọ̀tí, ilé rẹ̀ nìyẹn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà. Ẹ bi dókítà yín léèrè kí ọjọ́ ọdún tó dé, ẹ má dúró di ẹ̀yìn ọgbẹ́.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹṣin tó ń fi ìdí ha ògiri ni ìdì ṣe é o. Aràn kan wà tó máa ń yé ẹyin sí ẹnu ihò ìdí ẹṣin, ó máa ń yún un gan-an. Iná ara àti eégbọn náà máa ń fà á. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Ọ̀RỌ̀ OWÓ

Ẹ̀yin oníṣòwò, ibi tó kàn yín rèé. Ẹni tó ń yá ẹṣin fún ọdún àti ìgbéyàwó mọ̀ pé ojú làwọn oníbàárà fi ń yan ẹṣin. Kò sẹ́ni tó máa sanwó gun ẹṣin oníkùkùté. Bí bàbá yẹn bá fẹ́ ta tiẹ̀ lónìí, owó tí wọ́n máa pè é kò lè jọ tàtẹ̀yìnwá mọ́. Nítorí rọ́bà tí kò ju nǹkan kékeré lọ!

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń yá ẹṣin síta, ẹ fi í sínú àdéhùn yín: ẹni tó bá yá a kò gbọdọ̀ so ohunkóhun mọ́ ìrù rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ sí i, ìrù tí wọ́n bá sì dì gbọ́dọ̀ ti tú kí ẹṣin tó wọlé. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu máa ń sọnù nínú ìlù ọdún.

Ẹ̀yin onídìrí, ẹ̀yin la kì báyìí. Ọwọ́ yín ti mọ iṣẹ́ yìí tipẹ́. Ẹni tó lè di kòlẹ́sẹ̀ kó gún régé kò ní fi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ ìrù ẹṣin, ìgboyà àti bí wọ́n ṣe ń dúró ti ẹṣin ló kù. Ẹ wá ẹlẹ́ṣin tó ní sùúrù ní àdúgbò yín, ẹ fi ẹṣin rẹ̀ kọ́ ọ nísinsìnyí tí ọdún ò tíì dé. Ẹ sọ iye tí ẹ óò gbà kí ẹ tó fọwọ́ kan ìrù, kí ẹ sì fi owó títú kún owó dídì. Bí ẹ bá gba owó títú, ẹ óò padà wá tú u. Àwa gbà pé ìyẹn nìkan lè gba ọ̀pọ̀ ìrù là ju gbogbo ìwàásù wa lọ.

Ẹ̀yin ẹlẹ́ṣin, ẹ má sọ pé “irun lásán náà ni, ẹ gba omi mímu.” Ẹni tó fi ogún ìṣẹ́jú dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹṣin, ó fi ara rẹ̀ wewu. Ẹ sanwó fún un.

Àwọn tó sì ń yọ́ gé irun ìrù ẹṣin láàyè torí ìrùkẹ̀rẹ̀ tàbí okùn gòjé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀. A mọ̀ pé irun yẹn níyì. Òun ni wọ́n fi ń ṣe okùn gòjé tó ń dún nínú sákárà Yusuf Olatunji. Àmọ́ àwọn àgbà ti sọ pé bí ẹṣin bá kú, a fi ìrù sáyé. Bí ẹṣin bá kú, ni wọ́n wí. Èyí tó ṣì ń mí, tó ṣì ń lé eṣinṣin, òun ló ni ìrù rẹ̀.

A ti padà lọ sí agbo ilé bàbá yẹn. Ọmọkùnrin náà ló jáde pàdé wa. Ojú ń tì í, kò fẹ́ wò wá. A bẹ̀ ẹ́ pé kó bá wa di ìrù ẹṣin kejì tó wà nílé. Ó kọ̀. A ní kó wá, pé àwa náà la jọ ṣàṣìṣe. Ó wá fọwọ́ lé e, ọwọ́ ń gbọ̀n, a dúró tì í títí ó fi parí. Ó mú, kò fún. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, oòrùn ò tíì wọ̀, ó ti ń tú u. A ò ní kó tú u o. Òun fúnra rẹ̀ ló rántí.

Iṣẹ́ àgbẹ̀ kì í ṣe oko nìkan. Ẹran tó wà lọ́wọ́ wa, a ò lè bi í léèrè bóyá ó ń dùn ún, àfi ká kọ́ bí a ṣe ń wò ó. Bí ẹ bá mọ ẹlẹ́ṣin kan, ẹ ka èyí fún un kí ọdún tó ń bọ̀ tó dé. Gbólóhùn kan péré ni kí ẹ fi sí i létí bí kò bá ní àyè gbogbo rẹ̀: má so ohunkóhun mọ́ ibi ẹran, sì tú u kí ilẹ̀ tó ṣú.